Ọmọ mi fẹ́ gbé Shaw, U Street tàbí LeDroit Park ní Washington: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ìyá Mọ́remí (Ìbàdàn)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa tó wà lókè òkun. Ọmọbìnrin mi ti rí ìgbàwọlé sí Yunifásítì Howard ní Washington láti kàwé gba oyè kejì. Oṣù kẹjọ ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀, ilé la sì ń wá báyìí. Nínú gbogbo ilé tó ń fi hàn mí lórí fóònù, orúkọ mẹ́ta ló ń jáde ṣáá: Shaw, U Street, LeDroit Park. Ẹnì kan ní ibẹ̀ gan-an ni kó gbé torí pé ó sún mọ́ ilé ìwé. Ẹlòmíràn ní owó ilé ibẹ̀ kò ṣeé gbọ́ sétí, pé iná sì ti jó àdúgbò náà rí nígbà rògbòdìyàn. Mi ò tíì dé Washington rí. Kí ló yẹ ká mọ̀ kó tó fọwọ́ sí ìwé kankan? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan ni mò ń béèrè. Irú àdúgbò wo ni? Irú èèyàn wo ló ń gbé ibẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Bàbá Hyattsville

Ìyá Mọ́remí, ẹ kú oríire ọmọ. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ka àdírẹ́sì ìlú náà, torí ibẹ̀ ni àlejò ti máa ń sọnù.

Washington kò dédé hù díẹ̀díẹ̀ bí àwọn ìlú tiwa. Orí ìwé ni wọ́n ti yà á kí wọ́n tó kọ́ ọ. Ọdún 1790 ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣòfin pé etí odò Potomac ni olú-ìlú yóò wà, nígbà tó sì di 1791, ọmọ Faransé kan tó ń jẹ́ Pierre Charles L'Enfant ya àwòrán rẹ̀. Andrew Ellicott ló ṣáájú àwọn tó wọn ilẹ̀ náà, Benjamin Banneker, èèyàn dúdú tó fúnra rẹ̀ kọ́ ìmọ̀ ìràwọ̀, sì bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Láti Capitol, ilé àwọn aṣòfin, ni gbogbo òǹkà ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pín ìlú sí ọ̀nà mẹ́rin: NW (àríwá ìwọ̀-oòrùn), NE (àríwá ìlà-oòrùn), SW (gúúsù ìwọ̀-oòrùn), SE (gúúsù ìlà-oòrùn). Títì tó bá lọ láti àríwá sí gúúsù, nọ́ńbà ló ń jẹ́: 7th, 9th, 14th. Èyí tó bá dábùú wọn, lẹ́tà ló ń jẹ́: P, Q, R, S, T, U. Àwọn títì gbàràmù tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n gba àárín ìlú kọjá, ló ń jẹ́ orúkọ ìpínlẹ̀. Ẹ kò ní rí J Street, wọ́n fò ó.

Àǹfààní rẹ̀ rèé. Tí àdírẹ́sì bá jẹ́ 1213 U Street NW, àárín 12th àti 13th ni ilé náà wà. Tó bá jẹ́ 2000 14th Street NW, ibi tí 14th ti pàdé U ni, torí U ni lẹ́tà ogún téèyàn bá ti yọ J kúrò. Bí ọmọ bá ti mọ èyí, onílé tó ń sọ pé “Howard kò jìnnà” kò lè tàn án. Kó sì rí i pé NW wà nídìí àdírẹ́sì. 7th Street wà ní ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìlú yẹn.

Ohun kan tún wà. Florida Avenue ni òpin ìlú tí L'Enfant yà. Boundary Street, ìyẹn títì ààlà, ni wọ́n ń pè é títí di 1890. Shaw àti U Street wà nínú àwòrán àtijọ́ náà, LeDroit Park àti Howard wà lẹ́yìn ààlà. Ìdí nìyí tí títì inú LeDroit Park fi wọ́, tí wọn kò bá ti ìsàlẹ̀ mu. Orúkọ igi ni wọ́n tiẹ̀ kọ́kọ́ fún wọn. Elm Street ṣì wà níbẹ̀ di òní.

Ọkọ̀ ojú irin abẹ́lẹ̀ tó kàn án ni ti ìlà àwọ̀ ewé, Green Line. Ibùdókọ̀ Shaw–Howard U ló sún mọ́ ilé ìwé jù. Kó bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, kó gba 7th Street gòkè. Tó bá ti kọjá Florida Avenue, títì kan náà á di Georgia Avenue, Howard yóò sì wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Ní ti bọ́ọ̀sì, wọ́n yí orúkọ gbogbo wọn padà ní oṣù kẹfà ọdún 2025. Kó má tẹ̀lé nọ́ńbà tí àwọn tó ti kàwé lọ tipẹ́ bá sọ fún un.

Títílọlá_NW

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Shaw ni mò ń gbé nígbà tí mo ń kàwé, àárín ìlú yìí náà ni mo ṣì wà. Ọ̀rọ̀ ilé yíyá ni n óò sọ, torí ẹ̀tọ́ ayálégbé pọ̀ ní DC, ìyẹn Washington yìí, ju ọ̀pọ̀ ibi lọ ní Amẹ́ríkà, àmọ́ onílé kò ní kà á sí ọmọ yín létí.

Owó ìdógò kò gbọdọ̀ ju owó ilé oṣù kan lọ. Tí wọ́n bá béèrè oṣù méjì pẹ̀lú àlàyé pé “ọmọ òkè òkun” ni, òfin kò gbà á láyè. Tó bá kó jáde, onílé ní ọjọ́ 45 láti dá owó náà padà tàbí kó kọ̀wé pé òun fẹ́ yọ nínú rẹ̀. Torí náà, lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ wọlé, kó fi fóònù ya gbogbo ògiri, ilẹ̀, sítóòfù àti inú fíríìjì, kó sì fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí onílé lójú ẹsẹ̀ kí ọjọ́ lè hàn lórí rẹ̀. Onílé kan fẹ́ fi ògiri tó ti sán kí n tó dé jẹ owó mi. Àwòrán yẹn ló gbà mí.

Tí àdéhùn ọdún kan bá parí, kò pọn dandan kó kó jáde tàbí kó fọwọ́ sí òmíràn. Ó lè máa san án lóṣooṣù nìṣó. Onílé kò sì lè lé e láìsí ìdí tí òfin là sílẹ̀ àti láìgba ilé ẹjọ́ kọjá. Ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú ọdún 1976, tí onílé rẹ̀ sì ní tó fúláàtì ìyálégbé márùn-ún, sábà máa ń wà lábẹ́ òfin tó ń díwọ̀n bí owó ilé ṣe lè gòkè tó lọ́dún. Kó béèrè ní tààrà bóyá ilé náà wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ́fíìsì ìjọba kan wà tó ń jẹ́ Office of the Tenant Advocate, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gba ayálégbé nímọ̀ràn. Mo ti lọ rí, wọ́n gbọ́ mi dáadáa.

Ẹ wá fọkàn sí èyí. Ilé bíríkì tó fara ti ara wọn lọ bẹẹrẹ ló pọ̀ jù ní Shaw àti LeDroit Park, ti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n rẹwà. Àmọ́ àdúgbò tí ìjọba ti kà sí ohun ìtàn ni, onílé gbọ́dọ̀ gbàṣẹ kó tó pààrọ̀ ohun tó hàn síta, nítorí náà ẹ ó rí fèrèsé àtijọ́ tí òtútù ń gbà wọlé lọ́pọ̀ ibẹ̀. Kó béèrè ta ni yóò máa san owó gáàsì àti iná tó ń mú ilé móoru ní oṣù kìíní. Kó béèrè bóyá páìpù òjé ló ń gbé omi wọlé. Òjé inú omi fa wàhálà ńlá ní Washington láàárín 2001 sí 2004, wọn kò sì tíì yọ gbogbo páìpù náà tán. Ike omi alásẹ́ kò wọ́n, kó rà á.

Yàrá abẹ́ ilé wọ́pọ̀ níbẹ̀, owó rẹ̀ sì máa ń dínkù díẹ̀. Kó má gbà á àfi tí ọ̀nà tó lè gbà jáde níbẹ̀ nígbà iná bá ju ẹyọ kan lọ, tí onílé sì lè fi láísẹ́ńsì ìyálégbé hàn án. Ọmọ yín kò ní tíì ní ìtàn gbèsè (àkọsílẹ̀ bí èèyàn ṣe ń san gbèsè) ní Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ ni ilé ńláńlá tuntun sì ń béèrè rẹ̀. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kó bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn pín ilé bíríkì, kí oníkálukú ní yàrá tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kí orúkọ tirẹ̀ wà nínú ìwé àdéhùn.

Ìyá Mọ́remí (Ìbàdàn)

Títílọlá, Ọlọ́run á bù kún ẹ. Mo ti ṣe àdàkọ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Ọ̀rọ̀ iná àti rògbòdìyàn yẹn ló ṣì wà lọ́kàn mi. Ṣé òótọ́ ni?

Ẹ̀gbọ́n Onítasí

Òótọ́ ni, ìyá. Àmọ́ ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Tí mo bá sọ ti iná láìsọ ohun tó wà níbẹ̀ kí iná tó dé, mo ti ba àdúgbò náà lórúkọ jẹ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé wọn tó parí ní 1865, àwọn èèyàn dúdú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú rọ́ wá sí Washington. Howard bẹ̀rẹ̀ ní 1867. Nígbà tó yá, ìyàsọ́tọ̀ ti ilẹ̀kùn àárín ìlú mọ́ wọn: wọn ò lè jókòó jẹun ní ilé oúnjẹ òyìnbó, wọn ò lè sùn ní òtẹ́ẹ̀lì wọn. Wọ́n wá kọ́ tiwọn sí U Street àti àyíká rẹ̀. Ilé True Reformer ní 1200 U Street, tí wọ́n ṣí ní 1903, èèyàn dúdú ló ya àwòrán rẹ̀, John Lankford. Ẹgbẹ́ èèyàn dúdú ló san owó rẹ̀. Ilé YMCA, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Kristẹni, tó wà ní 12th Street ṣí ní 1912, èèyàn dúdú ló yà á, William Sidney Pittman. Howard Theatre ti wà láti 1910, Lincoln Theatre dé ní 1922. John Whitelaw Lewis, ẹni tó ti ṣe lébìrà ilé kíkọ́ rí, kó owó àwọn èèyàn rẹ̀ jọ, ó sì kọ́ Whitelaw Hotel tó ṣí ní 1919, kí àlejò dúdú lè rí ibi iyì sùn sí nínú olú-ìlú orílẹ̀-èdè wọn. Ilé náà ṣì dúró, ilé gbígbé ni wọ́n sọ ọ́ dà. Duke Ellington, ọ̀gá olórin jáàsì, 13th Street níbẹ̀ ló ti dàgbà.

Wọn kì í ṣe eléré nìkan o. Ní 1933, ilé oúnjẹ kan ní U Street lé àwọn òṣìṣẹ́ dúdú rẹ̀ lọ, ó fi òyìnbó rọ́pò wọn, bẹ́ẹ̀ èèyàn dúdú ni àwọn oníbàárà rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ dúró síwájú ilé oúnjẹ náà, wọ́n ní kẹ́nikẹ́ni má rà. Onílé oúnjẹ náà gba àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ padà kíákíá. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ New Negro Alliance ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bá ilé ìtajà ńlá kan, Sanitary Grocery, dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ní 1938 ilé ẹjọ́ náà sì dá wọn láre pé ẹ̀tọ́ wọn ni láti dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n sì béèrè iṣẹ́. Gbogbo ẹni tó ń ṣe ìwọ́de ní Amẹ́ríkà lónìí ń jẹ nínú ìdájọ́ yẹn.

Wàyí o, 1968. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin, wọ́n yìnbọn pa Martin Luther King ní Memphis. Oríta 14th àti U ni àwọn èèyàn kọ́kọ́ kó jọ sí lálẹ́ ọjọ́ náà. Stokely Carmichael, tó jáde ní Howard, ṣáájú wọn lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù pé kí wọ́n tì í nítorí ọ̀wọ̀ òkú. Ìbínú borí. Iná jó 14th Street àti 7th Street lọ rẹpẹtẹ, ẹ̀mí lọ, àwọn ṣọ́jà wọ̀lú. Ben's Chili Bowl, ilé oúnjẹ tí Ben Ali láti Trinidad àti ìyàwó rẹ̀ Virginia dá sílẹ̀ ní 1958, wà lára ìwọ̀nba tí wọ́n gbà láyè kó ṣí nígbà kónílé-ó-gbélé. Àwọn tó ń jà àti àwọn tó ń pẹ̀tù sí i jọ ń jẹun níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀pọ̀ ilé ṣófo fún ọdún gbọọrọ. Ìjọba kọ́ ilé ọ́fíìsì Reeves Center sí oríta yẹn ní 1986 kí ọjà lè padà. Ìgbà tí mo dé ìlú yìí, wọ́n ń gbẹ́ U Street láti la ọ̀nà ọkọ̀ abẹ́lẹ̀, gbogbo títì ṣí sílẹ̀ bí ọgbẹ́. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tí iná kò pa, gbígbẹ́ yẹn pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ibùdókọ̀ ṣí ní 1991. Kò pẹ́ púpọ̀ tí owó ńlá fi wọlé, tí ilé tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ fi di èyí tí olówó ń dù, tí àwọn arúgbó tó fara da gbogbo wàhálà náà wá ń kó lọ sí Maryland, ìpínlẹ̀ tó bá ìlú yìí pààlà, torí owó ilé. Mo ti gbé púpọ̀ nínú wọn nínú tasí mi. Ó ń dùn mí títí di òní.

Nítorí náà ìyá, iná ọjọ́sí kọ́ ló yẹ kó máa bà yín lẹ́rù. Ohun tó yẹ kí ọmọ mọ̀ ni pé àdúgbò táwọn èèyàn fi iyì kọ́ ló fẹ́ lọ gbé, àwọn kan lára wọn ṣì wà níbẹ̀.

Arákùnrin Bowie

Gbogbo ìtàn yìí dára, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n ìtàn kì í san owó ilé. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín wá sí Maryland. Hyattsville, College Park, gbogbo wọn wà lójú Green Line kan náà, owó ilé ibẹ̀ rọjú jù. Ibẹ̀ ni ẹ̀lùbọ́, gààrí àti iṣu wà, ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì wa àti mọ́ṣáláṣí wa wà. Kí ló fẹ́ fi owó ìyá rẹ̀ wá ṣe láàárín ìlú?

Títílọlá_NW

Ẹ̀gbọ́n Bowie, òótọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yín. Tó bá jẹ́ pé ọ̀sán nìkan ni kíláàsì rẹ̀, màá ní kó tẹ̀ lé yín. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ oyè kejì máa ń pẹ́ ní láábù àti ní ilé ìkówèésí, ọkọ̀ abẹ́lẹ̀ kì í sì í ṣiṣẹ́ mọ́jú. Ẹ ṣírò owó Uber àjìn sí i, ìyàtọ̀ náà yóò dínkù. Ní ti òfin ayálégbé, ohun tí mo kọ lókè yẹn, ti DC ni. Tó bá sọdá ààlà sí Maryland, òfin mìíràn ni.

Ní ti ààbò, kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Wọ́n ń já fóònù gbà, wọ́n ń fọ́ gíláàsì mọ́tò, ní òpin ọ̀sẹ̀ U Street sì máa ń kún fún àwọn tó mutí jáde ní bá. Kó má gba ilé tó wà lókè bá gan-an. Kó lọ wo títì náà ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kó tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Tí kò bá tíì dé, kí ẹnì kan nínú wa lọ bá a wò ó. Mo ṣe tán láti lọ. Láti T Street lọ sí òkè lápá LeDroit Park máa ń parọ́rọ́ jù.

Olùkọ́ Àgbà

LeDroit Park tí Títílọlá dárúkọ yẹn ni mo fẹ́ kí ọmọ yín fojú sí, ìyá, nítorí ẹni kan tó gbé ibẹ̀.

Ní 1873 ni Amzi Barber àti àna rẹ̀ Andrew Langdon dá àdúgbò náà sílẹ̀ fún òyìnbó nìkan. James McGill ló ya àwọn ilé rẹ̀, kò sí méjì tó jọra tán. Wọ́n fi ọgbà yí i ká kí àwọn èèyàn dúdú tó ń gbé lápá kejì má baà gba inú rẹ̀ kọjá. Ní 1888 àwọn ọ̀dọ́ Howard wó ọgbà náà lulẹ̀. Wọ́n tún un ṣe, wọn kò jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀. Kí ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn tó parí, ìdílé dúdú ti ń kó wọlé, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, adájọ́, oníwèé. Mary Church Terrell gbé ní 326 T Street. Òun ni àgbàlagbà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tó ṣì ń ṣe ìwọ́de síwájú ilé oúnjẹ Washington títí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi pàṣẹ ní 1953 pé kí wọ́n máa dá gbogbo èèyàn lóhùn. Tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ ó rí i pé ìlàjì ilé ló kù, nítorí èkejì tó so mọ́ ọn ti lọ.

Ẹni tí mò ń wí gan-an ni Anna Julia Cooper, 201 T Street. Ẹrú ni wọ́n bí i ní North Carolina, ní 1858. Ó di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama tó dára jù fún ọmọ dúdú ní Washington. Ó ń tọ́ ọmọ àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀, ó ń kọ́ni lójoojúmọ́, ó sì ń kàwé lọ, títí Yunifásítì Sorbonne ní Paris fi fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ní 1925, nígbà tó ti lé ní ọmọ ọgọ́ta ọdún. Lẹ́yìn ìyẹn ló gbé ilé ẹ̀kọ́ Frelinghuysen, èyí tó wà fún àwọn àgbàlagbà tó ń fi ọ̀sán ṣiṣẹ́, sínú ilé rẹ̀. Ọdún 105 ló lò láyé, 1964 ló kú. Oríta roboto tó wà nítòsí ilé náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ báyìí.

Ọmọbìnrin tó ń lọ kàwé gba oyè kejì, tó jìnnà sí ìyá rẹ̀, tí òtútù yóò sì mú títí yóò fi sunkún ní oṣù kejì ọdún, ó yẹ kó máa gba iwájú ilé yẹn kọjá lọ sí kíláàsì. Kò sí àdúgbò mìíràn ní Amẹ́ríkà tí mo lè tọ́ka sí fún un báyẹn.

Ọmọ Òṣogbo DC

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Èmi fẹ́ sọ ti bí wọ́n ṣe ń gbé pẹ̀lú ara wọn, torí ibẹ̀ ni àwa tó ń bọ̀ láti ilé ti máa ń kọsẹ̀.

Àwọn ìyá àti bàbá àgbà máa ń jókòó síwájú ilé wọn lọ́sàn-án. Kó kí wọn. “Good morning, ma'am” kò ná an ní nǹkan kan. Àwọn tuntun tó ń kó wọ àdúgbò ń fi gbohùngbohùn sétí, wọ́n ń kọjá láìwò wọ́n, ó sì ń dùn wọ́n. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n kọ́ láti kékeré kó kí àgbà, ara ò ní ni ín níbẹ̀. Nígbà tí mo ṣàìsàn, ìyá àgbà tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé mi ló gbé ọbẹ̀ wá, nítorí kò rí mi kí n kọjá láàárọ̀. Kí ọmọ yín má sì jẹ́ kí orúkọ àbùkù tí àwa Nàìjíríà kan máa ń pe àwọn èèyàn dúdú Amẹ́ríkà jáde lẹ́nu rẹ̀ láé, kódà nínú ilé. Ilé ìwé tó fẹ́ lọ, àwọn ni wọ́n dì í mú. Azikiwe wa pàápàá kàwé ní Howard kó tó lọ sí Yunifásítì Lincoln.

Ariwo tún wà. Ṣọ́ọ̀bù fóònù kan ní oríta Georgia àti Florida ti ń fi gó-gó, orin ìlú Washington, síta láti 1995. Lọ́dún 2019 ẹni tó ń gbé ilé tuntun ní àdúgbò náà fẹjọ́ sùn pé ariwo ń yọ òun lẹ́nu, orin sì dákẹ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tú sí títì pẹ̀lú ìlù, wọ́n ń jó, wọ́n ń ké pé kí wọ́n má pa Washington lẹ́nu mọ́. Orin náà padà, ní 2020 ìjọba ìlú sì ṣòfin pé gó-gó ni orin àjogúnbá ìlú náà. Ẹ rí i, ẹni tó bá fẹ́ kí àdúgbò dákẹ́ lẹ́yìn tí òun dé kó wá ilé sí ibòmíràn. Ìlù ni gó-gó dá lé, kóńgà àti tìm̀bálì tí kì í dáwọ́ dúró láàárín orin kan sí òmíràn. Òun náà á fẹ́ràn rẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, lọ́jọ́ tí kò bá ráyè lọ sí Maryland, ilé oúnjẹ àwọn ará Ethiopia wà ní 9th Street nítòsí U. Ata wọn ń ta, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń jẹun.

Bàbá Hyattsville

Ọmọ Òṣogbo, o kú iṣẹ́. Kí n fi èyí kún un fún ọjọ́ Sátidé rẹ̀ àkọ́kọ́. Kó lọ sí ìrántí àwọn ọmọ ogun dúdú ní U Street àti Vermont Avenue, ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ abẹ́lẹ̀ gan-an. Orúkọ 209,145 àwọn tó jà nínú ogun tó fòpin sí oko ẹrú ló wà lára ògiri rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó wọ Green Line lọ sí L'Enfant Plaza, kó rìn dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìtàn àwọn èèyàn dúdú Amẹ́ríkà tó ṣí ní 2016. Ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ kó kọ́kọ́ gba tíkẹ́ẹ̀tì aláàkókò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kó tó wọlé, kó dúró wo ilé náà láti ìta. Adé onípele mẹ́ta ni. David Adjaye tó yà á sọ pé orí òpó tí Olówè Ìsẹ̀ gbẹ́ lòun ti rí i. Olówè wa láti Èkìtì, tó gbẹ́ òpó ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́. Nínú gbogbo ilé tó wà ní gbàgede olú-ìlú Amẹ́ríkà, ọ̀kan dé adé Yorùbá.

Ìyá Mọ́remí (Ìbàdàn)

Omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo ka ti ìyá Cooper. Ọmọ náà kà á, ó pè mí lóru. A ti pinnu: yàrá kan nínú ilé bíríkì ní LeDroit Park, òun àti akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, owó ìdógò jẹ́ ti oṣù kan péré, páìpù kì í ṣe òjé. Títílọlá bá wa lọ wò ó lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Ọlọ́run á sanṣẹ́ fún un. Arákùnrin Bowie, ọ̀dọ̀ yín ni yóò ti máa ra ẹ̀lùbọ́ lóṣooṣù, ẹ má bínú sí wa. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: ọkọ̀ akẹ́rù ni wọn yóò fi gbé bẹ́ẹ̀dì àti tábìlì wá. Ṣé ó lè dúró síwájú ilé?

Ẹ̀gbọ́n Onítasí

Ó lè dúró, ìyá, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ gbàṣẹ ṣáájú, nítorí títì ibẹ̀ há, àwọn tó ní káàdì àdúgbò ló sì ń gbé ọkọ̀ síbẹ̀. Kí ọ̀kan nínú wọn forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọ́fíìsì ọ̀rọ̀ ìrìnnà ìlú, kí wọ́n san owó, kí wọ́n sì lẹ ìwé “No Parking” síwájú ilé ó kéré tán wákàtí 72 ṣáájú. Kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n lẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n má mú ọjọ́ Àìkú, nítorí àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì tó ń ti Maryland padà wá sìn ní ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ wọn máa ń kún títì. Tí ẹrù bá kéré, ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, màá gbé ọkọ̀ mi wá.